Kọntéínà Òfìfo lórí Afárá Ìgànmú

Òfìfo ni mo gbé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ojú má baà tún tì mí láti sọ ọ́ tó bá yá. Nígbà tí ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Muṣin, tó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ó máa rí mi, kọntéínà kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni mo ń ṣọ́ lórí afárá Ìgànmú. Wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, wọ́n ti gbá inú rẹ̀ mọ́. Ó ku kí n dá àpótí irin lásán padà sí wáàfù l'Ápápá. Tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ gbá a, ṣe ló máa ń dún gbọngbọn. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ fi ìyá mi sílẹ̀ nìyẹn.

Dírẹ́bà tírélà ni mí. Iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe náà nìyẹn, òun gan-an sì ni ìyá mi kò fẹ́ kí n ṣe. Muṣin ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé kan tí àwọn bàbá wa ti ń kírun láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń dáko lẹ́yìnkùlé. Òwú àti abẹ́rẹ́ ni ìyá mi ń tà lọ́jà Ojúwọyè. Ó fẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ télọ̀ kí n lè máa wá ra òwú lọ́wọ́ òun, bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì rẹ́rìn-ín. Mo kọ́ télọ̀ náà fún ọdún kan. Mo fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún ìka ara mi lẹ́ẹ̀mejì, mo bá sá lọ sí gáréèjì.

Ikú bàbá mi ló fà á tí ìyá mi kò fi fẹ́ iṣẹ́ dírẹ́bà. Kì í ṣe ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa bàbá mi. Àìsàn ló kọ lù ú nígbà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì lọ sókè Ọya. Ó wa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á, ó sì kú sórí ìjókòó, òun nìkan. Ọjọ́ kejì ni àwọn kan tó ń kọjá lọ tó yọjú wo inú ọkọ̀ náà. Kì í ṣe pé ó kú ló dun ìyá mi jù. Ó máa ń ní gbogbo èèyàn ló máa kú. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó lè sọ kálímà sí i létí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tí àwa Mùsùlùmí máa ń fẹ́ kó jẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn lẹ́nu ẹni tó ń lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń sọ fún mi pé, "Ìwọ ni àkọ́bí mi. Ìwọ lo máa sọ ọ́ sí mi létí. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì bá mi sọ ọ́." Mo máa ń ní ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ fi ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀. Àmọ́ mo ṣèlérí fún un, mo sì ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìlà wáàfù yẹn, ẹni tí kò tò ó rí kò lè mọ̀ ọ́n. Tírélà ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti ẹnu géètì wáàfù títí dé Ìgànmú. Nígbà míì ó máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, àfi bó ṣe máa gbéra lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ bá gbéra tí ìwọ ò gbéra, àwọn tó wà lẹ́yìn á yà, wọ́n á gba iwájú rẹ kọjá, àwọn tó ń ṣọ́ ìlà á sì ní kí o lọ tò láti ìdí padà. Wọn kì í gbọ́ àlàyé. O lè sọ pé o lọ tọ̀ ni. Wọ́n á ní ẹ kú ìtọ̀, ẹ lọ sẹ́yìn.

Nítorí náà inú ọkọ̀ là ń gbé. Ibẹ̀ là ń sùn, abẹ́ rẹ̀ là ń dáná sí, a sì ń sá aṣọ sí ara dígí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó máa ń bá mi ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ti bá tiẹ̀ lọ láti ọjọ́ kẹta. Ó ní iṣẹ́ yìí ti sú òun, kí n má bínú. Mi ò bá a jà. Èmi náà ì bá lọ ká ní mo ní ibòmíì tí mo lè lọ.

Àwa tí a wà lórí ìlà ní ọ̀nà kan tí a fi ń ran ara wa lọ́wọ́. Tí o bá fẹ́ lọ síbì kan, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ lo máa fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ. Wọn kì í fún ẹni iwájú, torí ẹni iwájú lè gbéra kó gbàgbé rẹ. Ẹni ẹ̀yìn ò lè gbàgbé rẹ láéláé. Tí ọkọ̀ tìẹ ò bá rìn, tiẹ̀ tó há sẹ́yìn rẹ náà ò ní rìn. Á gun ọkọ̀ rẹ, á sún un síwájú, á bọ́ sílẹ̀, á sáré padà lọ sún tiẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rí àyè lọ wẹ̀, lọ kírun, lọ wo ọmọ.

Ẹni tó wà lẹ́yìn mi jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Kaṣú ni òun gbé, ti àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Àbúrò, tí afẹ́fẹ́ inú àpótí rẹ bá bàjẹ́ ká tó dé wáàfù, kí lo máa sọ fún wọn?" A jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà, òun ló lọ ra oògùn fún mi, òun ló pọn omi tí mo fi wẹ̀, òun ló sì ń gun ọkọ̀ mi wá wò bóyá mo ti jẹun. Mi ò bá a tan. Orí ìlà la ti pàdé.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe fún un báyìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, dírẹ́bà bíi tèmi. Ó fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kó lè lọ wẹ̀ n'Íjọ́rà. Nígbà tó máa padà dé, kò rí ọkọ̀, kò rí ẹni náà. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n mú. Wọ́n ní òun ló tà á. Ó pẹ́ ní àtìmọ́lé débi pé nígbà tí wọ́n máa dá a sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré ò mọ̀ ọ́n mọ́, ṣe ló ń sá fún un. Mo lọ kí i, mo rí i bó ṣe ń fi búrẹ́dì bẹ ọmọ tó bí, ẹ̀rù sì wọ̀ mí lára.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá rìwáyà kan ní Ládípọ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mo ní kó bá mi ṣe súìṣì ìkọ̀kọ̀. Ó fi í sábẹ́ ìjókòó mi, lápá òsì, lẹ́yìn rọ́bà ìtẹ́lẹ̀. Tí súìṣì yẹn bá wà ní pípa, kọ́kọ́rọ́ ò wúlò. O lè máa yí i títí ọwọ́ rẹ á fi bó, ọkọ̀ ò ní dá ọ lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni iná kankan ò ní tàn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ gan-an ò mọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ohun tí inú mi ń dùn sí.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ti ń wú láti bí oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, kò lè mí dáadáa mọ́. Àwa méjì péré ló bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Àbúrò mi ló gbé e lọ sí ọsibítù, òun ló ń dúró tì í, òun ló sì ń pè mí lójoojúmọ́.

"Bọ̀dá mi, Màámi ń béèrè yín."

"Mò ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Tí ìlà bá ti rìn díẹ̀."

Láti Ìgànmú sí Muṣin, kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dá lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wà lórí afárá yẹn tí mò ń wo ọ̀ọ́kán Muṣin, tí mi ò lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù pé mo lè pàdánù ìlà, ẹ̀rù pé kí n má bá ọkọ̀ níbi tí mo pa á sí, àti ẹ̀rù pé tí mo bá débẹ̀ n ó rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, àbúrò mi pè mí, kò béèrè ìgbà wo mọ́. Ó ní, "Dókítà ní kí ẹ wá lónìí." Ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọ ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àbúrò mi nínú fóònù. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó nà án sí mi.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ wá, kí o máa lọ."

Mo ní tí ìlà bá wá rìn ńkọ́. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin rèé tó ti dúró. Tó bá sì rìn, ṣé mi ò mọ ọkọ̀ wà ni? Ìyá ẹni ni. Lọ."

Mo gun orí ọkọ̀ lọ mú fìlà mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, mo pa súìṣì náà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọwọ́ mi ló ti mọ́ ọn lára. Èmi náà ti gbìyànjú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, irọ́ ni. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo rò ó pé ìlà ò ní rìn láàárín wákàtí méjì. Mo rò ó pé èèyàn dáadáa ni ọkùnrin yìí lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi náà rò pé èèyàn dáadáa ló wà lẹ́yìn òun. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un bí mo ṣe ń dúpẹ́. Ó ní kí n bá òun kí Màmá.

Bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé e sókè kó lè máa mí. Kí n tó débẹ̀ mo ti ń ro ohun tí n ó sọ, bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo wá rí i. Ó ti gbẹ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tóbi. Ó la ojú.

"Ta nìyẹn? Ṣé dírẹ́bà mi ni?"

"Èmi ni, Màámi. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bínú."

"Bí bàbá rẹ ṣe máa ń rùn lò ń rùn yìí." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́ kó lè rín in. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiẹ̀, Mùsùlùmí bíi tiwa, tó da gèlè funfun borí. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá. Orúkọ yín ló ń pè ṣáá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi fún mi ní àga, ó sì lọ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lo gbé lọ́tẹ̀ yìí?" ni ìyá mi bi mí.

Gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ni mo fi ń ní kí wọ́n sọ fún un pé ẹrù tó wà lọ́wọ́ mi ni kò jẹ́ kí n wá. Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, Màámi. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá kan."

Ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ẹrù náà. Ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ó ní Ọlọ́run á gbé e dé. Ó ní kò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní àwọn tó ń retí rẹ̀, wọ́n á fi ojú ire rí i. Mo ń ṣe àmín. Àbúrò mi mọ̀ pé òfìfo ni mo gbé, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣe àmín, títí tí mo fi gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó ṣàdúrà tán, ó sinmi díẹ̀. Ó wá ní, "Má lọ mọ́."

"Mi ò lọ, Màámi."

"Ó ti súnmọ́. Ṣé o rántí ohun tí mo bá ọ sọ?"

"Mo rántí."

"Ìwọ ni o."

"Èmi ni, Màámi. Mo ti wà níbí."

Bóyá ìdajì wákàtí la fi wà bẹ́ẹ̀. Oorun ń gbé e lọ, ó ń jí, tó bá ti jí á fún ọwọ́ mi mọ́ra wò bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó jẹ́jẹ́. Mo rántí pé mo ń sọ lọ́kàn mi pé mo ti ṣe é, mo ti dé, ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi látọjọ́ tó ti pẹ́ ti fẹ́ bọ́ sí i. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni. "Àbúrò, ìlà ti gbéra o. Inú ọkọ̀ rẹ ni mo wà yìí, kò dá mi lóhùn. Iná kankan ò tàn."

Mo ní, "Ẹ yí i dáadáa."

"Mo ti yí i sú. Ṣé bátìrì ni?"

"Rárá, bátìrì dá."

"Kí wá ni? Ṣé ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni? Sọ fún mi, mo ti wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti ń fọn fèrè lẹ́yìn wa."

Gbólóhùn kan péré ni. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, lápá òsì. Ó wà lẹ́nu mi. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mò ń bọ̀."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Àbúrò, sọ ọ́ fún mi, kí o dúró ti ìyá rẹ."

Mo pa fóònù.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi ohun tó dè mí lẹ́nu. Mi ò ní kí ẹ dá mi láre. Lásìkò yẹn, kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù olè mọ́. Ojú ló ń tì mí. Tí mo bá sọ ibi tí súìṣì wà, á mọ̀ pé mo ti fi súìṣì pa ọkọ̀ kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé òun lọ́wọ́, lẹ́yìn ibà tó tọ́jú mi fún, lẹ́yìn ìkòkò tí a jọ ń jẹ. Mi ò fẹ́ kó mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ ra omi wá fún yín."

Omi wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo omi náà, ó wò mí. "Omi?"

"Omi tútù ni. Mò ń bọ̀ báyìí."

Kò bá mi jiyàn. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tú mi sílẹ̀, àfi bí mo ṣe ṣí àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò lágbára kankan. Àbúrò mi tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́." Mo ní mi ò ní pẹ́. Mo sá.

Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ gbé mi dé Ojúẹlẹ́gba, títì dí, mo bẹ́ sílẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ sá èyí tó kù. Mi ò kéré lọ́jọ́ orí mọ́. Bàtà mi kan já, mo gbé e dání. Nígbà tí mo máa fi dé orí afárá, mo rí ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà láàárín títì. Ó na apá méjèèjì, ó dúró níwájú tírélà kan tó fẹ́ yà gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ya léjìká. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń ní, "Ẹ dákun, ìyá ẹ̀ ló ń kú lọ́wọ́. Ìyá ẹ̀ ló ń kú lọ́wọ́ l'ọ́sibítù." Ìyá mi ló fi ń bẹ wọ́n.

Mo gun ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tan súìṣì, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé orí sókè, mo rí i tó dúró lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti sáré wá wò bóyá mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ó ń wo ibi tí ọwọ́ mi ti jáde.

"Ibẹ̀ ló wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"O pa á kí o tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sínú ọkọ̀ tiẹ̀.

A rìn. Láti òpó iná kan sí òpó iná kejì la rìn, ìlà sì dúró padà. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, òpó iná kan sí èkejì. Mo ń wo iwájú, mo ń retí pé wọ́n á tún gbéra, wọn ò gbéra. Mo pa ọkọ̀. Mo ní kí n tètè padà lọ. Ibi tí mo ti ń wá bàtà mi kejì nílẹ̀ ọkọ̀ ni fóònù ti dún, àbúrò mi ni. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo mú fóònù sétí títí.

Mo lọ bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo ní, "Màámi ti lọ." Ó fi ọwọ́ bo ojú. Kò gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi sínú ọkọ̀, pé òun á sún un tí ìlà bá rìn.

Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ la ti sin ín. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, òkú wa kì í dúró dé ọ̀la. Èmi ni mo wọ inú kòtò tí mo gbà á, ó fúyẹ́ débi pé mo fẹ́ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun ni. Kí àlùfáà tó ṣàdúrà, ó béèrè bóyá Màámi sọ kálímà kó tó lọ. Mi ò lè gbé ojú sókè. Àbúrò mi ló dáhùn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bá a sọ ọ́." Àlùfáà ní alhamdulilah. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo ní bí kì í bá ṣe èmi, ó kéré tán ẹnì kan wà níbẹ̀, kò lọ bíi ti bàbá mi. Òun ni mo fi sùn, òun ni mo fi jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà sórí ìlà. Ó ti rìn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí mo lọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà nìkan ló sì sún ọkọ̀ méjèèjì, ó ń ti inú tèmi sáré lọ sínú tiẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó dìde fún mi. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ọ̀gá." Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sáfẹ́fẹ́ rere. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń dáná tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kò yàn mí lódì, tí mo bá kí i á dáhùn. Àmọ́ kò fi afẹ́fẹ́ inú àpótí mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Tó bá fẹ́ lọ kírun, tó bá sì di dandan kó kọjá níwájú mi, á kọjá jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọjọ́ kẹtàlá la wọ wáàfù. Ẹ̀rọ tó ń gbé kọntéínà gbé tèmi kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kí n tó ka ìwé tí wọ́n fún mi tán. Ẹni tó gbà á ò ṣí i, kò fọwọ́ kàn án pàápàá. Ó wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ó ní kí n kọjá. Ó ti wá di àpótí kan láàárín àwọn àpótí tí mi ò lè ka iye wọn, mi ò sì lè mọ tèmi níbẹ̀ mọ́. Ibòmíì ni wọ́n darí ọkọ̀ kaṣú sí. Mo dúró ní ẹnu géètì bóyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà á jáde kí n lè bẹ̀ ẹ́, kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa, àmọ́ wọ́n lé mi pé mo dí ọ̀nà.

A ṣe àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ nínú ilé wa ní Muṣin. Nígbà tí àwọn àlùfáà ti lọ tí àwọn àlejò ti túká, àbúrò mi ń ká ẹní, èmi náà bá a ká a. Mo ní fún un pé mo ti rò ó, pé mo fẹ́ lọ wá ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì yẹn, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá Màámi sọ kálímà. Mo ní n ó ra aṣọ funfun kan dání.

Ó dẹ́kun ẹní kíká. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má lọ."

Mo ní kí ló dé.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní ìyá náà gbìyànjú. Ó ní nígbà tí èémí Màámi ń lọ, ìyá náà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ pẹ̀lú àìsàn lára, ó tẹ̀ síwájú kó lè sọ ọ́ sí i létí, Màámi sì fi ọwọ́ ti ẹnu rẹ̀ kúrò. Ó ní kó dákẹ́. Ó ní ọmọ òun lọ ra omi, ọmọ náà ló máa sọ ọ́. Àbúrò mi ní òun náà sún mọ́ ọn, Màámi gbọn orí.

"Ó pa ẹnu mọ́," àbúrò mi wí. "Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe lọ nìyẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ fún àlùfáà pé ó sọ ọ́.

"Nítorí yín ni," ó ní. "Ẹ ti wà nínú kòtò nígbà yẹn. Mi ò lè sọ fún yín nínú kòtò pé ó ń dúró dè yín ni, pé kò fẹ́ kí ẹ dé kí ẹ bá a pé ẹlòmíì ti bá òun sọ ọ́."